Ilẹ̀ Tí Kò Dúró Jẹ́ẹ́

Ó ti di ọdún kọkànlá tí obìnrin náà ti ń fi ẹ̀rọ gbọ́ ilẹ̀, kí ọ̀gá rẹ̀ tó pè é wọ ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan, tó ní ìgbìmọ̀ tó máa pinnu ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn ti dá ọjọ́. Oṣù méjì ló kù. Tí oṣù méjì bá pé, àwọn tó ń kọ ìwé ìwádìí iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ lè sọ, láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, bóyá ẹ̀rọ gbọọrọ kan ṣeé kọ́ sábẹ́ ilẹ̀ yìí tàbí kò ṣeé kọ́.

"Orí mẹ́rìnlá ló wà nínú ìwé náà," ọ̀gá wí. "Mẹ́tàlá ti parí. Tìẹ nìkan ló kù."

"Mo mọ̀, sà."

"Kí ló ń dá a dúró?"

"Ariwo kan ni, sà. Mi ò tíì mọ ibi tó ti ń wá."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nu ojú. Ọdún kan péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yìí, irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ìyàwó rẹ̀ sì lóyún àkọ́bí. Àkọ́bí náà ti bímọ méjì báyìí, ẹ̀rọ ṣì wà nínú ìwé.

"Bá mi wá a," ó wí. "Mo bẹ̀ ẹ́."

Ó ti rẹ obìnrin náà débi pé orí ló kàn mì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́. Kò ṣòro láti sọ. Kíkọ́ ọ ló le. Ihò kan ni, abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, tó tọ́ gbọnrangandan. Ẹni tó bá gbéra lórí kan rẹ̀ ní ìdájí, oòrùn á ti rẹlẹ̀ kó tó fẹsẹ̀ dé orí kejì. Láti orí kìíní, wọ́n á máa ta èérún kan tó ń gbé iná, tó kéré ju ohun tí ojú lè rí. Láti orí kejì, wọ́n á ta òdìkejì rẹ̀ wá pàdé rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ni agbára wọn á máa pọ̀ sí i, títí wọ́n á fi forí gbárí láàárín. Àwọn onímọ̀ á wá wo ohun tó bá jáde níbi tí wọ́n ti forí gbárí, bóyá wọ́n á lè mọ ohun tí wọ́n fi dá ayé.

Àwọn èèyàn máa ń bi obìnrin náà pé kí ló dé tí wọn ò ṣe é ní òbìrí, kí èérún náà lè máa yípo bó ṣe wù ú. Á ní wọ́n ti ṣe irú ìyẹn rí. Irú èérún yìí ló fúyẹ́ jù. Gbogbo ibi tó bá ti yà ni agbára rẹ̀ ti ń jò dànù. Ọ̀nà tó tọ́ nìkan ni kì í jà á lólè.

Ìṣòro wà níbi tí wọ́n ti máa pàdé. Ká la ẹyọ irun orí kan sí ọ̀nà ẹgbàárùn-ún, ìlà àwọn èérún náà níbẹ̀ ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ ju ẹyọ kan nínú rẹ̀ lọ. Ìlà méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó kọlu ara wọn. Bí ilẹ̀ bá sún díẹ̀ báyìí, èkíní á gba òkè, èkejì á gba ìsàlẹ̀, wọ́n á kọjá lára ara wọn bí àwọn tó ń bínú síra wọn. Ilẹ̀ sì ń sún. Ilẹ̀ tí a rò pé ó dúró yìí, kò dúró rárá. Ìgbì òkun tó jìn réré ń mì ín. Ọkọ̀ akẹ́rù ń mì ín, òjò ń mì ín. Iṣẹ́ obìnrin náà ni kó sọ bó ṣe ń mì tó. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ti fún un ní ìwọ̀n kan: tó bá ti kọjá ibẹ̀, kò ṣeé ṣe nìyẹn.

Ẹ̀rọ mọ́kànlá tó fi ń gbọ́ ilẹ̀ ló rì mọ́lẹ̀ nínú ihò àwọn awakùsà kan tí wọ́n ti pa tì tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Agbọ́lẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì kò gbọ́ orúkọ náà dáadáa. Odidi ọdún kan ló fi rò pé Agbálẹ̀ ni, tó ń kí i kú iṣẹ́ ìgbálẹ̀, tó tiẹ̀ fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ń kó ọwọ̀ sí. Agbọ́lẹ̀ kò tọ́ ọ sọ́nà. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó ń kó àpótí ẹ̀rọ rẹ̀ sínú yàrá náà.

Ariwo tó ń bá a fà á yìí kì í ṣe ti òkun, kì í ṣe ti òjò. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá di aago kan, á dákẹ́. Tó bá di aago méjì, á tún gbà á, ó di ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

"Ariwo tó ń lọ jẹun ọ̀sán," awakọ̀ ilé iṣẹ́ wí nígbà tí Agbọ́lẹ̀ fi ìlà tí ẹ̀rọ fà hàn án. "Èèyàn ló wà nídìí ẹ̀, mà. Ẹ jẹ́ ká lọ wá a kàn."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wá a. Awakọ̀ á pa ọkọ̀ dúró, Agbọ́lẹ̀ á gbé ẹ̀rọ kan sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, á fi garawa bò ó nítorí atẹ́gùn, àwọn méjèèjì á wá jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Wọ́n gbọ́ ilé ìlagi; kì í ṣe òun. Wọ́n gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń fa omi ìlú. Kì í ṣe òun. Níwájú ilé ìtẹ̀wé kan, ọkùnrin tó ni ibẹ̀ jáde wá, ó ní ṣé omi ni wọ́n ń wá.

"Rárá o, sà," awakọ̀ dáhùn. "Ìgbọ̀nrìrì la ń wá."

Ọkùnrin náà wò wọ́n títí. "Ó wà nílé mi," ó wí. "Àná ni ìyá ìyàwó mi dé."

Awakọ̀ rín in débi tó fi ń nu ojú. Agbọ́lẹ̀ fẹ́ rín, kò lè rín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ọrùn ń dùn ún, ìyókù oṣù méjì sì ń tán lọ bí ọṣẹ nínú omi.

Lọ́jọ́ kẹwàá, àdúgbò kan ṣoṣo ló kù lórí máàpù tí wọn ò tíì fàmì sí. Agbọ́lẹ̀ ló ti ń fọgbọ́n yẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ kìíní. Bí ọkọ̀ ṣe yà sójú títì náà, ó rí oru funfun tó ń jáde lójú fèrèsé ilé gígùn kan, ó rí aṣọ ibùsùn lọ rẹrẹ lórí okùn, ó sì ti mọ̀ kí ẹ̀rọ tó mọ̀.

"Ẹ gba ẹ̀yìn ilé," ó wí fún awakọ̀.

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìlà fò sókè lójú ẹ̀rọ, ó dúró síbẹ̀.

"Òun rèé," awakọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ ká wọlé lọ bá wọn sọ̀rọ̀."

"Kì í ṣe lónìí."

"Kí ló dé, mà?"

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló nilé ìfọṣọ yẹn. Ọdún kẹrin rèé tí a ò ti bára wa sọ̀rọ̀."

Awakọ̀ ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò pọ̀ láti rò. Láti ọjọ́ tí Agbọ́lẹ̀ ti wọlé wọn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ló ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin yìí ní Eyínfúnjowó, nítorí ẹ̀rín rẹ̀. Wọ́n mọwọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìyá ọkọ kú, inú ihò ni Agbọ́lẹ̀ wà. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ti bá àwọn atúnṣe sọ̀kalẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, níbi tí fóònù kì í dé. Ẹni tí wọ́n rán sí i kọ ìwé sílẹ̀ lẹ́nu ihò. Ẹni tó gba ìwé fi sápò, ó gbàgbé. Ìgbà tí Agbọ́lẹ̀ máa jáde, wọ́n ti sin ìyá. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ àlàyé, ó gbà. Eyínfúnjowó kò gbà. Ó ní ìyá èèyàn kì í kú lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹni tí kò rí ti àkọ́kọ́ wá wo ìkejì.

Olùkọ́ ìṣirò ni ọkọ Agbọ́lẹ̀. Nígbà tí Agbọ́lẹ̀ wọlé lọ́jọ́ náà, ó bá a nídìí ìwé àwọn ọmọ iléèwé tó ń máàkì.

"A ti rí ariwo yẹn," ó wí.

"Ẹ kú oríire. Níbo ló wà?"

"Ilé ìfọṣọ Ẹ̀gbọ́n."

Ọkọ rẹ̀ fi bírò sílẹ̀. "Ṣé kí n bá ẹ lọ?"

"Tí ẹ bá bá mi lọ, wọ́n á ní mo fi yín bojú."

"Wọ́n á sọ̀rọ̀ sí ẹ."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú wọn."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló lọ, láàárín aago kan sí méjì tí ẹ̀rọ máa ń dákẹ́. Àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jókòó lẹ́bàá ògiri, wọ́n ń jẹun. Eyínfúnjowó jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, ó na ẹsẹ̀, ó dijú. Àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀ ju bí Agbọ́lẹ̀ ṣe rántí rẹ̀ lọ. Agbọ́lẹ̀ kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Eyínfúnjowó lajú. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà."

"Ẹni tí kì í wá, tó wá, mo rò pé òkú ló gbé e wá. Dìde."

Agbọ́lẹ̀ dìde, ó ṣàlàyé. Ó sọ nípa ihò, ó sọ nípa ìlà méjì tó gbọ́dọ̀ pàdé, ó sọ nípa ìgbìmọ̀ àti ọjọ́ tó kù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ tán.

"O ní ẹ̀rọ mi ń dí ilẹ̀ lọ́wọ́."

"Ó ń mì ín ni, mà. Tí ẹ bá lè bá mi pa á fún ọjọ́ mẹ́ta péré."

"Aṣọ ilé ìwòsàn ni mò ń fọ̀. Ṣé kí n lọ sọ fún àwọn aláìsàn pé kí wọ́n má ṣàìsàn fún ọjọ́ mẹ́ta, torí ìyàwó wa fẹ́ gbọ́ ilẹ̀?" Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín sínú abọ́ rẹ̀. Eyínfúnjowó tún wí pé, "Wọ́n tiẹ̀ ní agbálẹ̀ ni wọ́n ń pè ẹ́ níbi iṣẹ́."

"Agbọ́lẹ̀ ni, mà."

"Agbálẹ̀ ì bá sàn. A ó rí ibi tó gbá."

Agbọ́lẹ̀ ní kí wọ́n máa ṣe é jẹ́jẹ́, ó yí padà. Ṣùgbọ́n aago méjì ti lù, àwọn obìnrin dìde, wọ́n tan ẹ̀rọ. Mẹ́ta ni àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ náà, wọ́n ga ju èèyàn lọ. Èkíní dún, èkejì dún. Nígbà tí ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í yí, Agbọ́lẹ̀ gbọ́ ọ láti àtẹ́lẹsẹ̀ wá. Ó wẹ̀yìn. Wọ́n ti fi ṣéènì so ẹ̀rọ náà mọ́ òpó, wọ́n ki igi bọ abẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó ń fò bí ẹran tó fẹ́ já. Agbọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Kọnkéré ti là láti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ dé ẹnu ọ̀nà.

"Láti ìgbà wo ló ti ń ṣe báyìí?"

"Ọdún kẹta," Eyínfúnjowó wí. "Atúnṣe ní kí n ra òmíràn."

"Ẹ má rà á. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ti kúrò nínú kọnkéré. Àwọn méjì tó kù ò dí mi lọ́wọ́, ìyẹn nìkan ni. Bó ṣe ń lu ilẹ̀ yẹn náà ló ń fọ́ ara ẹ̀. Ẹ fún mi láti Sátidé di Wẹ́sìdeè, kí ẹ fi méjì fọṣọ."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wò ó. "Ta ló máa bá ẹ ṣe é?"

"Èmi àti awakọ̀ wa. Àti bàbá àwọn ọmọ."

"Ìyẹn mọ nǹkan kan yàtọ̀ sí ìṣirò?"

"Ó lè gbé nǹkan."

"Láti kékeré ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀," Eyínfúnjowó wí. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀. "Ẹ wá ní Sátidé."

Ní sítọ̀ ilé iṣẹ́, àwọn sípíríǹgì àti rọ́bà tó nípọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi ṣe ìdánwò ẹsẹ̀ fún ẹ̀rọ gbọọrọ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Agbọ́lẹ̀ kọ ìwé béèrè wọn. Ọ̀gá fọwọ́ sí i, ó ní ó dáa kí wọ́n ríṣẹ́ ṣe. Ní Sátidé, wọ́n fi jáàkì gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ náà dìde, wọ́n fọ́ kọnkéré àtijọ́, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wọnú. Awakọ̀ ló ń gbẹ́, ó ń ráhùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ Agbọ́lẹ̀ ń kó erùpẹ̀ dà síta, kò sọ̀rọ̀, nítorí inú rẹ̀ dùn, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè wọ́n to sípíríǹgì, wọ́n to rọ́bà, wọ́n da kọnkéré tuntun.

Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè náà, nígbà tí àwọn ọkùnrin ń fọwọ́ níta, Eyínfúnjowó wá dúró ti Agbọ́lẹ̀, níbi tó ti ń fi pákó tẹ́ ojú kọnkéré.

"Màmá béèrè ẹ," ó wí.

Agbọ́lẹ̀ dáwọ́ dúró.

"Ọjọ́ tó kẹ́yìn. Wọ́n ní ìyàwó mi dà. Mo ní ó wà nínú ihò. Wọ́n ní kí ló ń wá níbẹ̀. Mi ò mọ èsì tí mo máa fún wọn. O ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta rí, mi ò rántí ìkankan."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní o ń wá ohun tó sọnù. Wọ́n ní, háà, kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí i. Inú bí mi sí ẹ torí pé èmi ni mo dá dúró níbẹ̀, tí mò ń wá ọ̀rọ̀ sọ. Ṣé o ti rí i?"

"Rárá," Agbọ́lẹ̀ wí. "A ò tíì kọ́ ẹ̀rọ tí a máa fi wá a."

Eyínfúnjowó mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa pákó kan, ó bá a tẹ́ ìyókù.

Ní Tọ́sìdeè, wọ́n tan ẹ̀rọ kẹta. Ó yí, kò fò. Wọ́n tú ṣéènì kúrò lára òpó. Nínú ihò àwọn awakùsà, ìlà ariwo tó ti ń bá Agbọ́lẹ̀ fà á, ó wálẹ̀, ó tún wálẹ̀ sí i, ó dùbúlẹ̀ sáàárín àwọn tó kù. Agbọ́lẹ̀ fi ogún ọjọ́ gbọ́ ilẹ̀ náà lọ́sàn-án. Ìwọ̀n tí wọ́n fún un, ilẹ̀ náà kò dé ìdajì rẹ̀. Ó kọ orí rẹ̀ nínú ìwé, ojú ewé mẹ́fà, ó fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta parí rẹ̀: ó ṣeé ṣe. Ọ̀gá kà á lórí ìdúró, ó tún un kà lórí ìjókòó.

Ọjọ́ ìgbìmọ̀ pé. Gbọ̀ngàn náà gbòòrò, àga rẹ̀ le. Àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló jókòó yí tábìlì ká. Alága obìnrin kan, tó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tó hàn pé ó ti ka ìwé náà látòkè délẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ó ní òun kò rí iṣẹ́ tó mọ́ báyìí rí. Ó ní kò sí iyèméjì mọ́ pé ó ṣeé ṣe. Ó wá ní àwọn orílẹ̀-èdè tó yẹ kó dá sí i ṣì ń wojú ara wọn, kálukú ń retí ẹni tó máa kọ́kọ́ nawọ́. Wọ́n á tún un gbé yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún sí i. Ní báyìí ná, ó máa dáa kí wọ́n lọ gbọ́ ilẹ̀ ibòmíràn, lábẹ́ òkè kan, kí wọ́n lè fi méjèèjì wéra.

Ẹnikẹ́ni kò jiyàn. Wọ́n ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú.

Nínú kọ́rídọ̀, ọ̀gá dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú ìwé náà lábẹ́ apá. "Mo rò pé màá fojú ara mi rí i," ó wí.

"Ó ṣeé ṣe, sà," Agbọ́lẹ̀ wí.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọmọ mi náà ṣeé gbé níyàwó. Ọdún mẹ́wàá ni ọkọ ẹ̀ fi ń sọ bẹ́ẹ̀ kó tó gbé e." Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sọ̀kalẹ̀ lọ, ó di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú.

Agbọ́lẹ̀ kò lọ sílé tààrà. Ilé ìfọṣọ ló yà sí. Wọ́n bá a wá àga.

"Kí ni wọ́n wí?" Eyínfúnjowó béèrè.

"Wọ́n ní ó ṣeé ṣe."

"Kí wọ́n ṣe é nígbà yẹn."

"Wọn ò ní ṣe é, Eyínfúnjowó. Kì í ṣe nísinsìnyí."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ bú wọn díẹ̀, láìgbé ohùn sókè, bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà ó lọ gbé omi wá fún un. Kó tó dé, Agbọ́lẹ̀ ti sùn lórí àga, orí rẹ̀ fara ti ògiri, àwọn ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń yí níwájú rẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ kó sùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọkọ wá mú un lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun àti awakọ̀ kó ẹ̀rọ mọ́kànlá jáde nínú ihò. Wọ́n nù wọ́n, wọ́n dì wọ́n. Lẹ́tà kan ti wà nílẹ̀ tó ní kó wá ṣe olórí iṣẹ́ lábẹ́ òkè tuntun yẹn. Ó kọ èsì pé kí wọ́n fún òun ní ìsinmi oṣù mẹ́ta kí òun tó dáhùn. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ó sùn. Ó ń jí jẹun, ó ń padà lọ sùn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn lówùúrọ̀, ó gbé ọwọ́ lé e níwájú orí.

"Ṣé ara ẹ le?"

"Ara mi le. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

"Ṣé wàá lọ síbi òkè yẹn?"

Agbọ́lẹ̀ ronú lórí rẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì. "Mi ò mọ̀," ó wí. "Ẹ má bi mí lónìí."

"Ó dáa," ọkọ rẹ̀ wí. Ó kó àwọn ìwé tó fẹ́ máàkì, ó rọra fa ilẹ̀kùn sí, ó lọ jókòó sí yàrá kejì.